Ásà ju aríran sẹ́wọ̀n, ọmọ rẹ̀ gbọ́ ìbáwí: kí la rí kọ́ lára àwọn ọba Ísírẹ́lì àti Júdà?

ỌmọAkéde (ó dá ìjíròrò yìí sílẹ̀), Ọjọ́ Àìkú, 8:15 alẹ́

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ìwé Kíróníkà Kejì la ń kà bọ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi ní ìjọ wa, a sì ti dé orí 19. Ohun kan wà níbẹ̀ tí mi ò tíì gbọ́ kí oníwàásù kan dúró lé lórí, mo sì fẹ́ ká jọ yẹ̀ ẹ́ wò.

Ẹ rántí Ásà ọba Júdà. Ọdún 41 ló lò lórí oyè, ó sì bẹ̀rẹ̀ dáadáa. Ó wó ère, ó yọ Máákà ìyá rẹ̀ àgbà kúrò nípò ìyá ọba nítorí òrìṣà tó gbẹ́, ó sì sun ère náà létí odò Kídírónì. Nígbà tí Sérà ará Etiópíà kó ogun ńlá àti 300 kẹ̀kẹ́ ogun wá bá a, ó ké pe Ọlọ́run, ó sì ṣẹ́gun. Àmọ́ nígbà tó di ọdún 36 ìjọba rẹ̀, Bááṣà ọba Ísírẹ́lì ń mọ odi Rámà kó lè dí ọ̀nà mọ́ ọn, Ásà ò sì bi Ọlọ́run léèrè mọ́. Ńṣe ló kó fàdákà àti wúrà inú tẹ́ńpìlì, ó fi ránṣẹ́ sí Bẹni-Hádádì ọba Síríà ní Dámásíkù pé kó bá òun lé Bááṣà. Ó sì ṣiṣẹ́ o! Bááṣà pa odi tì, ó lọ. Èmi rò pé ibẹ̀ gan-an ni ewu wà, torí ọgbọ́n tó bá ṣiṣẹ́ kì í jẹ́ kéèyàn tètè mọ̀ pé òun ti yà kúrò lọ́nà. Hánánì aríran wá, ó bá a wí. Inú bí ọba, ó ju Hánánì sẹ́wọ̀n, ó sì ni àwọn kan lára nínú àwọn ará ìlú lákòókò yẹn.

Ásà kú, Jèhóṣáfátì ọmọ rẹ̀ jọba. Òun náà lọ bá Áhábù, ọba búburú tó ń jọba ní Ísírẹ́lì, da ọ̀rọ̀ pọ̀, ó bá a lọ sógun Rámótì-Gílíádì, díẹ̀ ló kù kó bá ogun náà lọ. Bó ṣe ń bọ̀ wálé, ta ló wá pàdé rẹ̀? Jéhù ọmọ Hánánì! Ọmọ ẹni tí baba rẹ̀ jù sẹ́wọ̀n ló dúró síwájú rẹ̀, tó ń bi í pé ṣé ẹni búburú ló yẹ kó máa ràn lọ́wọ́. Ẹ wo ohun tí ọba ṣe: kò fọwọ́ kan ọkùnrin náà. Ẹsẹ tó tẹ̀ lé e sọ pé ó jáde tọ àwọn èèyàn lọ, láti Bíá-Ṣébà títí dé òkè Éfúráímù, ó mú wọn padà sọ́dọ̀ Olúwa, ó sì yan onídàájọ́ sí àwọn ìlú olódi.

Baba àti ọmọ, irú àṣìṣe kan náà, wòlíì àti ọmọ wòlíì. Èsì tí wọ́n fọ̀ ló yàtọ̀. Láti ìgbà tí mo ti rí èyí ni mo ti ń fi ojú yẹn wo àwọn ọba yòókù, ó sì jọ pé ohun tó ń ya ọba rere sọ́tọ̀ nìyẹn. Dáfídì gba ìyàwó Ùráyà, ó tún pa ọkọ. Ọwọ́ rẹ̀ ò mọ́. Àmọ́ nígbà tí Nátánì wòlíì bá a wí, ó ní òun ti ṣẹ̀. Ùsáyà ọba Júdà tó lo ọdún 52 lórí oyè, tó kọ́ ilé ìṣọ́, tó fẹ́ràn iṣẹ́ àgbẹ̀, bínú sí àwọn àlùfáà 80 tó dá a lẹ́kun pé kó má sun tùràrí, ibẹ̀ ni ẹ̀tẹ̀ ti yọ níwájú orí rẹ̀. Ti Jóáṣì ọba Júdà tiẹ̀ burú jù: Sekaráyà ọmọ Jèhóádà, ọmọ ẹni tó gbà á là tó sì tọ́ ọ dàgbà, ló ní kí wọ́n sọ lókùúta nínú àgbàlá ilé Olúwa.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ta ló ń bá yín wí nílé, níbi iṣẹ́, ní ṣọ́ọ̀ṣì, báwo lẹ sì ṣe ń gbà á?


IyaTolu, 8:52 alẹ́

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ọmọ Hánánì ni Jéhù yẹn, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ yẹ̀ ẹ́ wò ni. Ẹ wo ìgboyà ọmọkùnrin yẹn! Ó mọ ohun tí ààfin ṣe fún baba òun, síbẹ̀ ó lọ.

Ní tèmi, ọmọ mi obìnrin ló máa ń bá mi wí. Kì í ṣe pẹ̀lú àfojúdi. Á kàn bi mí pé, “Màámi, ṣé ẹni tẹ́ ẹ fẹ́ pè lórí fóònù báyìí, ẹ ti gbàdúrà fún un kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í rojọ́ rẹ̀?” Ó máa ń dùn mí. Ó sì máa ń jẹ́ kí n gbé fóònù náà sílẹ̀.


Alàgbà_Òkè, 9:30 alẹ́

Ìjíròrò tó dára ni. Ṣùgbọ́n ỌmọAkéde, ẹ ò dé ìparí ọ̀rọ̀ Ásà. Lọ́dún 39 ìjọba rẹ̀, àrùn mú un ní ẹsẹ̀, ó sì le gan-an. Bíbélì ní kò wá Olúwa, àwọn oníṣègùn ló wá. Nígbà tó di ọdún 41 ìjọba rẹ̀, ó kú.

Inú ìjọ Aládùúrà ni wọ́n bí mi sí. Nígbà ìsọjí Òkè-Oòyè ní Iléṣà lọ́dún 1930, tí Ọlọ́run lo Joseph Ayọ̀ Babalọlá, omi tí wọ́n gbàdúrà sí ni àwọn èèyàn ń mu tí ara wọn ń yá. Nígbà tí àwọn míṣọ́nárì tó wá láti ìlú Ọba sì ń lo kínínì, ọ̀rọ̀ yẹn wà lára ohun tó fa ìyapa tó bí ìjọ CAC. Àwọn baba wa ò fi ọ̀rọ̀ Ásà ṣeré. Lónìí, orí tó bá fọ́ ẹnì kan báyìí, kẹ́míìsì ni ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ́kọ́ ń gbà lọ. Ṣé a ò ti di ọmọ Ásà?


Nọ́ọ̀sì_Mojí, Ọjọ́ Ajé, 5:40 àárọ̀

Baba, ẹ kú àárọ̀ sà. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí iṣẹ́ òru ni, mi ò sì lè sùn láìfèsì.

Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jẹ́ ká ka ti Hesekáyà ọba Júdà pọ̀ mọ́ ti Ásà. Ìwé Àwọn Ọba Kejì, orí 20. Àìsàn dá a dùbúlẹ̀ débi pé Aísáyà ní kó palẹ̀ ilé rẹ̀ mọ́. Ó kọjú sí ògiri, ó gbàdúrà, ó sunkún. Ọlọ́run fi ọdún 15 kún ọjọ́ ayé rẹ̀. Lẹ́yìn ìlérí yẹn ni Aísáyà, wòlíì Ọlọ́run fúnra rẹ̀, ní kí wọ́n mú èso ọ̀pọ̀tọ́ wá, wọ́n fi lé ojú oówo náà, ara ọba sì yá. Òògùn ni wọ́n fi ọ̀pọ̀tọ́ ṣe láyé ìgbà yẹn. Wòlíì ló júwe rẹ̀. Àdúrà àti òògùn wà nínú yàrá kan náà, Ọlọ́run ò sì bínú.

Kí wá ni ẹ̀ṣẹ̀ Ásà? Mo rò pé ìdáhùn náà wà nínú ohun tí ỌmọAkéde kọ lókè. Ẹni tó lè sọ ohun tí Olúwa wí fún un wà lẹ́wọ̀n! Ọdún mẹ́ta ṣáájú ni àárín òun àti Ọlọ́run ti bàjẹ́, kí ẹsẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún. Tó bá tú Hánánì sílẹ̀, tó tọrọ àforíjì, tó tún pe oníṣègùn, mi ò rò pé ẹsẹ yẹn ì bá rí bó ṣe rí.

Mo ń fi tọkàntọkàn sọ èyí torí ohun tí mò ń rí ní wọ́ọ̀dù. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru á jáwọ́ nínú oògùn rẹ̀ nítorí ẹnì kan ní kó lo ìgbàgbọ́. Wọ́n á gbé e dé lẹ́yìn oṣù díẹ̀, apá àti ẹsẹ̀ kan ti rọ. Àwọn tí ìtọ̀ ṣúgà ń dà láàmú náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, títí ojú ọgbẹ́ fi máa kẹ̀. Ẹ bá mi sọ fún àwọn èèyàn yín pé oògùn tí wọ́n ń lò láràárọ̀ ò sọ wọ́n di Ásà.


Alàgbà_Òkè, 7:05 àárọ̀

Ọlọ́run á bù kún iṣẹ́ ọwọ́ rẹ, ọmọ mi. Ọ̀rọ̀ Hesekáyà dájú, mi ò bá ọ jiyàn. Ohun tí mo dì mú ni pé Hesekáyà kọ́kọ́ kọjú sí ògiri. Àdúrà ló ṣáájú. Ẹni tó bá ń lo oògùn, kó gbà á lọ́wọ́ Ọlọ́run, kó sì lò ó. Mo ti fi ọ̀rọ̀ rẹ nípa ẹ̀jẹ̀ ríru ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ àwọn ìyá ní ìjọ wa láàárọ̀ yìí.


Ọ̀dọ́Ìjọ, 10:20 àárọ̀

Ẹ jọ̀wọ́, mo ní ohun kan láti sọ tó lè má dùn létí. Ọ̀rọ̀ “gba ìbáwí” yìí, orí àwa ọmọdé nìkan ni wọ́n ń sọ ọ́ sí. Pásítọ̀ ń bá ọmọ ìjọ wí, alàgbà ń bá ọ̀dọ́ wí. Ta ló ń bá wọn wí? Bẹ́ẹ̀, nínú gbogbo ìtàn tẹ́ ẹ kà sílẹ̀ yìí, ẹni tó wà lókè ni wọ́n ń bá wí. Ọba ni.

Réhóbóámù, ọmọ Sólómọ́nì tó jọba lẹ́yìn rẹ̀, ni wọ́n sì fi máa ń nà wá: “Ó kọ ìmọ̀ràn àgbà, ó tẹ̀ lé ọ̀dọ́, ẹ̀yà mẹ́wàá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.” Òótọ́ ni, ọmọdé kì í ní aṣọ bí àgbà kó ní àkísà bí àgbà. Ṣùgbọ́n ẹ wo Ìwé Àwọn Ọba Kìíní 14:21: ẹni ọdún 41 ni Réhóbóámù nígbà tó jọba! Àwọn “ọ̀dọ́” tó bá a dàgbà náà ò ní jìnnà sí ọjọ́ orí yẹn. Bàbá ọlọ́mọ ni wọ́n. Ìmọ̀ràn tí àwọn àgbà fún un ni pé kó sin àwọn èèyàn náà, kó fi ohùn pẹ̀lẹ́ dá wọn lóhùn. Ohun tó kọ̀ nìyẹn. Ó fẹ́ káwọn tó wà nísàlẹ̀ máa bẹ̀rù òun. Ṣé ọ̀dọ́ ló yẹ ká máa ka ìtàn yìí sí létí àbí ẹni tó wà nípò?

Tí ọmọ ọdún 24 bíi tèmi bá rí i pé alákòóso ẹgbẹ́ ń ṣe owó ìjọ báṣubàṣu, ọ̀nà wo ló lè gbà sọ ọ́ tí wọn ò fi ní pè é ní aláìgbọràn?


Àǹtí_Bọ́sẹ̀, 12:45 ọ̀sán

Àbúrò, o sọ òótọ́, inú mi sì dùn pé o sọ ọ́ níbí.

Wo bí Nátánì ṣe ṣe é. Ó lọ bá Dáfídì fúnra rẹ̀, kò lọ kó àwọn ará ìlú jọ. Ìtàn ló sọ: olówó tó ní àgùntàn rẹpẹtẹ, tó lọ gba ọmọ àgùntàn kan ṣoṣo tí tálákà ní, tó pa á fún àlejò. Ọba fúnra rẹ̀ ló dájọ́ ikú. Ìgbà yẹn ni Nátánì wá ní, ìwọ lọkùnrin náà. Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, tó bá dé inú rẹ̀, á di odindi. Nátánì sọ àbọ̀, ó sì tún sọ odindi nígbà tó yẹ. Kò fi ọ̀wọ̀ bo òótọ́ mọ́lẹ̀.

Ohun kejì: Nátánì ò sá lọ lẹ́yìn náà. Nígbà tí Dáfídì darúgbó, tí Àdóníjà fẹ́ gbàjọba, Nátánì yìí kan náà ló wọlé tọ ọba lọ nítorí Sólómọ́nì. Ẹni tó bá ọba wí ló ṣì wà lẹ́bàá rẹ̀ títí ọjọ́ alẹ́.

Ní ti owó, ẹ ka Ìwé Àwọn Ọba Kejì, orí 12. Jóáṣì kan náà tó bàjẹ́ nígbẹ̀yìn ló ṣe ohun tó dára yìí. Owó ń wọlé láti fi tún tẹ́ńpìlì ṣe, títí di ọdún 23 ìjọba rẹ̀, àwọn àlùfáà ò tún nǹkan kan ṣe. Ọba pè wọ́n, ó bi wọ́n léèrè, kò sì jẹ́ kí wọ́n gba owó náà fúnra wọn mọ́. Jèhóádà àlùfáà lu ihò sí ìdérí àpótí kan, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹpẹ. Tí owó bá ti pọ̀ nínú rẹ̀, akọ̀wé ọba àti olórí àlùfáà á jọ kà á, wọ́n á sì kó o fún àwọn tó ń ṣe kòkáárí iṣẹ́ náà, kí wọ́n fi sanwó fún gbẹ́nàgbẹ́nà àti mọlémọlé. Kò sẹ́ni tó pe Jóáṣì ní aláìgbọràn, kò sì sẹ́ni tí wọ́n pè lólè. Wọ́n kàn tún ọ̀nà tí owó ń gbà ṣe ni. Tó o bá fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa owó ẹgbẹ́, mú orí yẹn lọ sí ìpàdé. Dá a lábàá pé kí ẹni méjì máa jọ ka owó. Ibẹ̀ ni kó o ti bẹ̀rẹ̀.


Ọ̀dọ́Ìjọ, 1:10 ọ̀sán

Ẹ ṣé gan-an mà. Mi ò ronú kan ọ̀rọ̀ àpótí yẹn rí. Màá mú un lọ.


Òǹkàwé_Peckham, 6:30 ìrọ̀lẹ́

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n yà bàrá díẹ̀, màá padà sójú ọ̀nà. Ìlú Lọ́ńdọ̀nù ni mò ń gbé, mo sì máa ń lọ sí British Museum. Òkúta dúdú kan wà níbẹ̀ tí Ṣálímánésà Kẹta ọba Ásíríà gbẹ́ ìṣẹ́gun rẹ̀ sí. Wọ́n ya ẹnì kan síbẹ̀ tó dọ̀bálẹ̀, iwájú orí rẹ̀ kan ilẹ̀, wọ́n sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé Jéhù ọmọ Ómírì mú ìṣákọ́lẹ̀ wá. (Jéhù ọba Ísírẹ́lì nìyẹn o, kì í ṣe ọmọ Hánánì.) Jéhù kì í ṣe ọmọ Ómírì rárá, òun ló tiẹ̀ pa ìdílé wọn run. Àmọ́ orúkọ Ómírì lókìkí débi pé orúkọ rẹ̀ ni àwọn ará Ásíríà fi ń pe ilẹ̀ náà. Òkúta Méṣà ọba Móábù, tí wọ́n rí lọ́dún 1868, dárúkọ rẹ̀ pẹ̀lú.

Ẹ wá lọ wo Bíbélì. Ómírì jọba fún ọdún 12, ó ra òkè Samáríà ní tálẹ́ńtì fàdákà méjì lọ́wọ́ Ṣémérì, ó kọ́ olú ìlú síbẹ̀. Ẹsẹ mélòó ni wọ́n fi sọ ìtàn ìjọba rẹ̀? Kò pé mẹ́wàá. Nábótì tí kò ní ju ọgbà àjàrà kan lọ ní odindi orí kan, Ìwé Àwọn Ọba Kìíní 21, nítorí pé ó kọ̀ láti ta ogún baba rẹ̀ fún Áhábù, ọmọ Ómírì yìí, ẹ̀mí rẹ̀ sì lọ sí i. Nígbàkigbà tí mo bá dúró síwájú òkúta yẹn, Nábótì ni mò ń rò. Àwa tá a wà lẹ́yìn odi mọ bí àwọn èèyàn ṣe ń wo ilé téèyàn kọ́ sílé àti mọ́tò tó fi ránṣẹ́, tí wọ́n á fi wọ̀n ọ́n. Ó ń tù mí nínú pé ìwé mìíràn wà tí wọ́n ń kọ, ìwọ̀n tí wọ́n ń lò níbẹ̀ sì yàtọ̀.

Ní ti ìbáwí: lẹ́yìn ikú Nábótì, Èlíjà wòlíì bá Áhábù wí, Áhábù sì fa aṣọ rẹ̀ ya, ó wọ aṣọ ọ̀fọ̀, ó gbààwẹ̀. Ọlọ́run rí i, ó sún ìjìyà náà síwájú. Áhábù o! Tí etí rẹ̀ bá lè ṣí lọ́jọ́ kan, mi ò mọ ẹni tí ti rẹ̀ ò lè ṣí.


Bàbá_Ìbejì, 8:00 alẹ́

Jéróbóámù, tó jọba lórí ẹ̀yà mẹ́wàá tó bọ́ lọ́wọ́ Réhóbóámù, ni tèmi. Ohun tó sọ fáwọn èèyàn nígbà tó gbé ẹgbọrọ màlúù wúrà sí Bẹ́tẹ́lì àti Dánì ni pé Jerúsálẹ́mù ti jìn jù fún wọn. Ìrọ̀rùn ló fi tà á fún wọn. Ìsìn tí kò bá ná wa ní nǹkan kan, ó yẹ ká wò ó dáadáa.


Nọ́ọ̀sì_Mojí, 8:25 alẹ́

Bàbá, ẹ má gbàgbé àwa tí iṣẹ́ máa ń mú lọ́jọ́ Àìkú àtàwọn tí wọn ò lè dìde lórí bẹ́ẹ̀dì. Orí fóònù ni àwọn aláìsàn mi ti ń gbọ́ ìwàásù, omijé á sì máa bọ́ lójú wọn.


Bàbá_Ìbejì, 8:40 alẹ́

Àwọn yẹn kọ́ ni mò ń bá wí, ìyá. Ẹni tí ara rẹ̀ le tí dátà rẹ̀ sì pé ni mo ní lọ́kàn.


Ìyá_Ọlọ́mọmẹ́rin, Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4:50 ìdájí

Oorun ò kùn mí ni mo fi ń kọ èyí. Ọmọ mi kejì ti kúrò nínú ìgbàgbọ́, kì í gbé ìpè mi mọ́. Ẹnì kan wàásù níbi ìsọjí kan, ó ní ká ní Hesekáyà gbà kó kú lọ́jọ́ tí Ọlọ́run ní kó kú ni, wọn ì bá má bí Mánásè, torí pé ọmọ ọdún 12 ni Mánásè nígbà tó jọba, inú ọdún 15 tí wọ́n fi kún un ni wọ́n bí i. Ó ní àdúrà tí kò yẹ ló bí ọmọ burúkú. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń bi ara mi pé àdúrà wo ni mo gbà tí kò yẹ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ìwé, ṣé bẹ́ẹ̀ ló rí?


ỌmọAkéde, 6:15 àárọ̀

Màmá, ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Rárá, Bíbélì ò sọ bẹ́ẹ̀. Ọlọ́run fúnra rẹ̀ ló sọ fún Hesekáyà pé òun ti gbọ́ àdúrà rẹ̀, òun ti rí omijé rẹ̀. Kò sí ibì kan tó ti bá a wí nítorí àdúrà yẹn. Nígbà tí Hesekáyà ṣe ohun tí kò tọ́, tó fi ilé ìṣúra han àwọn ará Bábílónì, Aísáyà sọ fún un ní tààrà. Tí àdúrà yẹn bá jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀, ṣé Aísáyà ò ní sọ ọ́ ni?

Ẹ ka ìtàn Mánásè dé ìparí mà. Ọdún 55 ló lò lórí oyè, ó sì burú débi pé ó sun ọmọ rẹ̀ nínú iná. Wọ́n fi ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ dè é lọ sí Bábílónì, ibẹ̀ ló ti rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀ níwájú Ọlọ́run àwọn baba rẹ̀, Ọlọ́run sì dá a padà. Hesekáyà ti kú tipẹ́ nígbà yẹn, kò fojú rí i. Jòsáyà, ọmọ ọmọ Mánásè, ló wá di ọba tí Bíbélì sọ pé kò sí irú rẹ̀ ṣáájú rẹ̀. Láìsí Mánásè, kò sí Jòsáyà. Orúkọ àwọn méjèèjì wà nínú ìran Jésù, Mátíù orí kìíní. Ẹ fi orúkọ tí a ó máa fi gbàdúrà fún ọmọ yín ránṣẹ́ sí mi ní ìkọ̀kọ̀.


IyaTolu, 6:40 àárọ̀

Màmá, èmi náà á máa gbàdúrà. Ẹ ò dá wà.


Ọ̀dọ́Ìjọ, 9:15 àárọ̀

Ẹ dárúkọ Jòsáyà, ìyẹn ló mú ìbéèrè wá. Òun tó fa aṣọ rẹ̀ ya nígbà tí wọ́n ka ìwé òfin sí i létí ní ọdún 18 ìjọba rẹ̀, kí ló dé tó fi kú sójú ogun ní Mẹ́gídò, lẹ́ni ọdún 39?


Alàgbà_Òkè, 11:30 àárọ̀

Níbí ni ọ̀rọ̀ ti le, ọmọ mi. Nékò ọba Íjíbítì ń kọjá lọ sójú ogun tirẹ̀ ní Kákémíṣì. Ó ránṣẹ́ sí Jòsáyà pé òun ò bá a jà, Ọlọ́run ló ní kí òun yára, kó má ṣe dí Ọlọ́run lọ́wọ́. Kíróníkà Kejì 35:22 ní ẹnu Ọlọ́run ni ọ̀rọ̀ Nékò ti wá, Jòsáyà ò sì gbọ́. Ó pa ara dà, ó lọ jà, ọfà bà á. Ọba tó gbọ́ràn sí Húlídà wòlíì obìnrin lẹ́nu kò lè gbọ́ nígbà tí ọ̀rọ̀ tẹnu kèfèrí wá. Ẹni tó ń gbé ilé kejì sí tèmi, Mùsùlùmí ni, ó sì ti sọ òótọ́ fún mi nípa bí mo ṣe ń bá àwọn ayálégbé mi lò. Mo yí owó ilé náà padà.


Àǹtí_Bọ́sẹ̀, 2:20 ọ̀sán

ỌmọAkéde, ìbéèrè kan ṣì wà nílẹ̀. Jèhóṣáfátì tẹ́ ẹ ń yìn yìí, orí 20 sọ pé ó tún lọ bá Ahasáyà ọmọ Áhábù kan ọkọ̀ ojú omi. Lẹ́yìn ìbáwí Jéhù! Àtalíà ọmọ Áhábù tó fẹ́ fún Jèhórámù ọmọ rẹ̀ sì ni obìnrin tó pa àwọn ọmọ ọba run nígbẹ̀yìn, àfi Jóáṣì tí wọ́n gbé pa mọ́ fún ọdún mẹ́fà. Ṣé ẹni tó gbọ́ ìbáwí nìyẹn?


ỌmọAkéde, 7:50 alẹ́

Ìbéèrè tó yẹ ni, àǹtí, mo sì ti ń rò ó láti ọ̀sán. Ó ti fẹ́ Àtalíà fún ọmọ rẹ̀ kí Jéhù tó dé. Ìbáwí tó gbà ò tú ìgbéyàwó yẹn ká, àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀ ló sì jìyà rẹ̀. Ó dùn mí, ṣùgbọ́n bó ṣe wà níbẹ̀ nìyẹn.

Ní ti ọkọ̀, Élíésérì ọmọ Dódáfáhù sọ fún un pé Olúwa á fọ́ ohun tó ṣe, àwọn ọkọ̀ náà sì fọ́ ní Esioni-Gébérì. Ẹ wá ka Ìwé Àwọn Ọba Kìíní 22:49 pọ̀ mọ́ ọn. Ahasáyà bẹ̀ ẹ́ pé kí àwọn ìránṣẹ́ òun bá àwọn ìránṣẹ́ rẹ̀ lọ nínú ọkọ̀. Bí mo ṣe rí i, ẹ̀bẹ̀ yìí wá lẹ́yìn tí àwọn ọkọ̀ náà ti fọ́. Wọ́n ti bá a wí lẹ́ẹ̀mejì lórí ọ̀rọ̀ kan náà. Lọ́tẹ̀ yìí, Jèhóṣáfátì kọ̀.